Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Onítàn Sílẹ̀ ní Yunifásítì, Kí Ó sì Fìdí Múlẹ̀

Ẹgbẹ́ onítàn àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ nígbà tí mo wà ní yunifásítì kò pé ọdún méjì tí ó fi túká. Kì í ṣe àìrí èèyàn ni ó tú u ká, nítorí ní ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́, yàrá kún débi pé àwọn kan dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ó tú u ká ni pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń jókòó tẹ́tí sí ẹnì kan ṣoṣo tí ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe láti àárọ̀ nínú kíláàsì, títí ó fi ku èmi àti àwọn mẹ́rin mìíràn. Nígbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, a gbé ẹ̀rí ìtàn fúnra rẹ̀ sí àárín tábìlì: lẹ́tà àtijọ́, àwòrán, àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́, máàpù, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó, kí ó sì sọ ohun tí ó rí. Ẹgbẹ́ kejì yìí ni ó dúró. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kò tíì gboyè àkọ́kọ́, tí ìtàn ń wù yín, tí ẹ sì fẹ́ kó ara yín jọ, orí ẹ̀rí yìí ni màá gbé gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí kà, nítorí mo gbà tọkàntọkàn pé ẹni tí ó bá ti yẹ ẹ̀rí wò fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní gba ìtàn gbọ́ mọ́ bí ó ti ṣe ń gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá èèyàn mẹ́fà

Kí ẹ tó lọ gba fọ́ọ̀mù kankan ní ọ́fíìsì tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wá èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ẹ jọ lè jókòó. Ẹ má ṣe kó gbogbo wọn láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtàn nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì mọ ohun tí ó wà nínú yíǹkì, akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ bí a ṣe ń ka ìwé àdéhùn, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè sì lè sọ bóyá ọ̀rọ̀ kan ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn ní àkókò tí wọ́n sọ pé wọ́n kọ ìwé kan. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé máàkì ni wọ́n fi ń gba èèyàn wọlé. Irú bẹ́ẹ̀ ni Phi Alpha Theta, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tí ó ta yọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Arkansas ní Amẹ́ríkà ní 1921. Iṣẹ́ tiwọn dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ìfẹ́ sí ìtàn ni kí ó jẹ́ ìwé ìwọlé sínú ẹgbẹ́ tiyín.

Nígbà tí ẹ bá jókòó, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó sọ ohun tí ẹgbẹ́ yóò máa ṣe. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ iṣẹ́ tí èèyàn lè fi ojú rí. «Láti gbé ìmọ̀ ìtàn lárugẹ» kò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni yóò bá ní ìpàdé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n «láti máa yẹ ẹ̀rí ìtàn kan wò pa pọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan» sọ ọ́ kedere. Gbólóhùn yìí náà ni ẹ ó lò nínú ìwé òfin ẹgbẹ́, lára pátákó ìkéde, àti nígbà tí ẹ bá ń tọrọ owó.

Ìforúkọsílẹ̀ àti ipò

Ọ̀nà tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan gbà ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ìwé òfin kúkúrú, àti olùkọ́ kan tí yóò jẹ́ olùdámọ̀ràn. Ẹ má ṣe wá olùkọ́ tí orúkọ rẹ̀ tóbi jù lọ. Ẹ wá èyí tí ń fèsì lẹ́tà, tí inú rẹ̀ ń dùn bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ta ko ohun tí ó sọ. Bí ẹ bá lọ bá a, ẹ sọ iye wákàtí tí ẹ ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín sáà kan, nítorí àwọn olùkọ́ máa ń bẹ̀rù iṣẹ́ tí kò ní òpin.

Ipò mẹ́rin tó fún ìbẹ̀rẹ̀: alága, akọ̀wé, akápò, àti olùtọ́jú àkọsílẹ̀. Ipò kẹrin yìí ni àwọn ẹgbẹ́ mìíràn kì í ní, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù fún ẹgbẹ́ onítàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú gbogbo ìwé, fọ́tò, àti ohùn tí ẹgbẹ́ bá gbà sílẹ̀, láti kọ ọjọ́, ibi àti orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò ìpàdé tí kò ní ọjọ́, tí kò ní orúkọ, yóò di àdììtú fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn láàárín ọdún mẹ́ta péré.

Bí a ṣe ń darí ìpàdé tí ẹ̀rí ìtàn wà lórí tábìlì

Ibí yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà wà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tí yóò darí ìpàdé yóò yan ẹ̀rí kan ṣoṣo, tí kò ju ojú ewé kan lọ. Yóò tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sórí bébà, ẹyọ kan fún èèyàn méjì, nítorí èèyàn méjì tí ó jọ ń wo bébà kan yóò bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí ojú kò tilẹ̀ mọ ojú tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó bo orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó kọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́: kí gbogbo èèyàn kà á, kí wọ́n sì fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ ohun tí ó bá yà wọ́n lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, kí olùdarí béèrè ohun tí wọ́n rí, kí ó má tíì béèrè ohun tí wọ́n rò. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì, ó sì máa ń gba sùúrù kí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó mọ̀ ọ́n. «Ọkùnrin mẹ́ta jókòó, obìnrin kan dúró» ni ohun tí a rí nínú àwòrán. «Ìránṣẹ́ wọn ni obìnrin náà» ni ohun tí a rò, a kò sì tíì ní ẹ̀rí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìbéèrè tí onítàn máa ń béèrè yóò tẹ̀ lé e. Ta ni ó kọ ọ́, ta ni ó sì kọ ọ́ fún? Ṣé ó wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, àbí ẹnu ẹlòmíràn ni ó ti gbọ́? Kí ni yóò jèrè bí a bá gbà á gbọ́? Kí ni kò sọ, tí ó yẹ kí ó sọ? Ìgbà tí ìbéèrè wọ̀nyí bá ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lẹ́nu tán ni kí olùdarí tó tú orúkọ àti ọjọ́ sílẹ̀, kí ó sì gbé ẹ̀rí kejì tí ó ta ko ti àkọ́kọ́ jáde. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Bí ọ̀rọ̀ ìtàn ṣe rí náà nìyẹn.

Mo rántí ìpàdé kan tí a gbé lẹ́tà kan tí wọ́n fi taipuráítà tẹ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú àpòòwé rẹ̀. Gbogbo wa ni a ń jiyàn lórí ohun tí lẹ́tà náà sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò tíì la ẹnu rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wọlé yí àpòòwé náà padà, ó gbé e sún mọ́ iná, ó sì ní, «Ẹ wò ó, òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ yìí fi ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí ó wà lórí lẹ́tà.» Yàrá pa lọ́lọ́. Nígbà tí a tún wo lẹ́tà náà, a rí i pé ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọjọ́ òkè rẹ̀, yíǹkì rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀ ju ti ìbuwọ́lù ìsàlẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ pé àpòòwé náà kọ́ ni ti lẹ́tà yẹn, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ló kọ ọjọ́ sí i lẹ́yìn tí ó ti pẹ́. A kò yanjú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò pa ìpàdé kankan jẹ mọ́ títí ó fi gboyè.

Bí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ayédèrú ni ó máa ń fa èèyàn mọ́ra jù. Ìwé kan wà tí wọ́n fi ń sọ pé Ọba Constantine ti Róòmù gbé àṣẹ lórí ìlú Róòmù àti gbogbo ìhà ìwọ̀-oòrùn fún Póòpù Sylvester ní ọ̀rúndún kẹrin. Ní 1440, Lorenzo Valla, ọmọ Ítálì, fi hàn pé irọ́ ni, èdè Látìn inú rẹ̀ ni ó sì fi mú un: irú Látìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ayé Constantine, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oyè kan wà nínú rẹ̀, irú bíi satrap, tí àwọn ará Róòmù ìgbà náà kì í pe àwọn ìjòyè wọn. Ọ̀rúndún kẹjọ ni wọ́n kọ ìwé náà ní tòótọ́. Ẹ fi èyí ṣe ẹlẹ́gbẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn Stern ti Jámánì, tí ó kéde ní oṣù Kẹrin 1983 pé ìwé ìrántí ojoojúmọ́ Hitler ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Onítàn tí òkìkí rẹ̀ kàn, Hugh Trevor-Roper, ti kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ní oṣù Karùn-ún, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Jámánì kéde pé ayédèrú ni, nítorí àyẹ̀wò fi hàn pé èròjà kan wà nínú bébà náà tí wọn kò tíì máa lò fún bébà nígbà tí Hitler wà láàyè. Èdè ni ó tú àṣírí ti àkọ́kọ́, kẹ́mísírì ni ó tú ti èkejì. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì bá gbọ́ èyí ní ìpàdé àkọ́kọ́, wọn kò ní béèrè mọ́ bóyá ààyè wà fún àwọn nínú ẹgbẹ́.

Orúkọ lásán pàápàá lè jẹ́ ẹ̀rí. Àjàkálẹ̀ àrùn gágá ọdún 1918 ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi orúkọ Sípéènì pè, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé Sípéènì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Sípéènì kò dá sí Ogun Àgbáyé Kìíní, nítorí náà àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀ lè kọ nípa àrùn náà bí ó ṣe rí, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ń jagun ń dí àwọn oníwèé ìròyìn tiwọn lẹ́nu. Ẹni tí ó sòótọ́ ni wọ́n fi orúkọ àrùn náà mọ́.

Ibi tí ẹ ti lè rí ẹ̀rí

Ẹ kò nílò owó púpọ̀. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ tí wọ́n dá ní ilé ẹjọ́ Old Bailey ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1674 sí 1913, tí ó lé ní 190,000, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn gbáàtúù ni ó sì kún inú wọn: ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ní ó jí aṣọ, oníṣòwò tí wọ́n ní ó ń ṣe ayédèrú owó. Àkójọ SlaveVoyages ní àkọsílẹ̀ ìrìnàjò ọkọ̀ ojú omi tí ó lé ní 36,000, èyí tí wọ́n fi kó àwọn ọmọ Áfíríkà lẹ́rú kọjá òkun Àtìláńtíìkì. Bí ẹ bá lò ó, ẹ rántí pé èèyàn ni iye kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń kà, kí ẹ sì fún ìpàdé náà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó yẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé yunifásítì yín. Àpótí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ṣí fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, inú àwọn òṣìṣẹ́ náà sì máa ń dùn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́, ẹ kọ̀wé ṣáájú, ẹ má ju èèyàn mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ́ńsùlù ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe bírò, kí ọwọ́ yín sì mọ́, kí ó gbẹ.

Gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rí ni ó wà nínú ìwé. Láti 1948, nígbà tí Allan Nevins, onítàn ọmọ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ní Yunifásítì Columbia, àwọn yunifásítì ti ń ka ọ̀rọ̀ ẹnu sí ẹ̀rí tí ó yẹ kí a tọ́jú, ohun tí àwọn tí wọ́n ní ìtàn àtẹnudẹ́nu ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì yunifásítì yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: awakọ̀, akọ̀wé, olùtọ́jú yàrá àyẹ̀wò, nítorí àwọn ni ó mọ ohun tí kò sí nínú ìwé àjọ̀dún.

Ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ẹ ó fi ohùn náà ṣe, kí ẹ sì gba àṣẹ ní kíkọ sílẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ní kí ẹ yọ apá kan kúrò, ẹ yọ ọ́ láìjiyàn. Ẹ lọ ní méjì-méjì, kí ẹnì kan máa béèrè, kí ẹnì kejì máa ṣọ́ ẹ̀rọ. Ẹ dán fóònù wò kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pa fáànù bí ariwo rẹ̀ bá pọ̀. Ìbéèrè tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «ẹ ṣàlàyé fún wa bí ọjọ́ náà ṣe rí» sàn ju «ṣé ọjọ́ náà le?» lọ, nítorí «bẹ́ẹ̀ ni» ni èsì èkejì yóò jẹ́. Bí àgbà bá dákẹ́, ẹ má ṣe sáré kún àlàfo náà. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ó ń wá lọ́kàn rẹ̀.

Kí ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí ń béèrè wà lára èsì. Láti 1936 sí 1938, ìjọba Amẹ́ríkà rán àwọn èèyàn lọ fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tí ó ti jẹ́ ẹrú rí lẹ́nu wò, èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ sì lé ní 2,300. Ní 1937, ní ìlú Charleston, èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ bá màmá àgbàlagbà kan tí ń jẹ́ Susan Hamlin. Fún obìnrin aláwọ̀ funfun tí ó bi í léèrè, ó sọ̀rọ̀ olówó rẹ̀ àtijọ́ bí ẹni rere. Fún ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó bi í léèrè, ó sọ̀rọ̀ pàṣán, ó sọ̀rọ̀ ìyá tí wọ́n ya ọmọ mọ́ lọ́wọ́. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì sórí bébà, ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí àwọn tí yóò lọ fi ọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wò kà á kí wọ́n tó jáde.

Ìpàdé tí a ń ṣe bí eré, àti ọ̀rọ̀ tí ń dunni

Lẹ́ẹ̀kan ní sáà kan, ẹ lè pín ara yín sí àwọn tí ó wà níbi ìpàdé ńlá kan nínú ìtàn. Ìpàdé Berlin, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ti jíròrò bí wọn yóò ṣe máa gba ilẹ̀ Áfíríkà, láti 15 oṣù Kọkànlá 1884 sí 26 oṣù Kejì 1885, dára fún èyí. Ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orílẹ̀-èdè kan nínú mẹ́rìnlá tí ó péjọ, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì láti ka ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń wá. Nítorí pé wọn kò pe ọmọ Áfíríkà kankan síbẹ̀, ẹ to àga sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò ní jókòó lé. Ní ìdajì wákàtí tí ó kẹ́yìn, kí ẹ pa eré tì, kí olúkúlùkù sọ ẹni tí ó yẹ kí ó wà lórí ọ̀kan nínú àwọn àga yẹn àti ohun tí ẹ̀rí fi hàn pé ìbá sọ. Ẹ má ṣe fi oko ẹrú, ìpakúpa, tàbí ìwà ìkà sí ẹnikẹ́ni ṣe eré láéláé. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwé ni ká fi kà á.

Ìjà yóò wáyé ní ọjọ́ kan, nítorí ìtàn kan àwọn baba ńlá èèyàn. Òfin tí ó gbà wá sílẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá sọ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sórí ẹ̀rí tí ó wà lórí tábìlì, kò sì gbọdọ̀ fi ohun tí òkú ṣe bu alààyè tí ó jókòó níwájú rẹ̀.

Ohun tí ẹ bá tẹ̀ jáde

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń kọ «Lónìí nínú ìtàn» sórí Wasapu tàbí Facebook. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́. Ìyípadà ìjọba tí wọ́n ń pè ní ti oṣù Kẹwàá ní Rọ́ṣíà ṣẹlẹ̀ ní 25 oṣù Kẹwàá 1917 lórí kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń lò nígbà náà, tí ó jẹ́ 7 oṣù Kọkànlá lórí tiwa. Ní Bìrìtìkó, 14 oṣù Kẹsàn-án ni ó tẹ̀ lé 2 oṣù Kẹsàn-án ní ọdún 1752, nítorí pé wọ́n yí kàlẹ́ńdà padà. Kí ẹni tí ó bá kọ nǹkan fún ẹgbẹ́ kọ ibi tí ó ti rí i sílẹ̀ fún akọ̀wé, kí ẹlòmíràn sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó jáde. Bí àṣìṣe bá wọlé, ẹ tún un ṣe ní gbangba, kí ẹ fi èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀ hàn pẹ̀lú.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí owó ẹgbẹ́ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní tìtorí rẹ̀ jókòó sílé, kí akápò sì ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo èèyàn ní ìparí sáà.

Fífi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́

Àwọn tí kò tíì gboyè kì í pẹ́ kí wọ́n tó lọ, nítorí náà ẹ dìbò yan àwọn olóyè tuntun ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú ìdánwò ìparí ọdún, kí àwọn tí ń lọ àti àwọn tí ń bọ̀ lè jọ darí ó kéré tán ìpàdé méjì. Ẹ pèsè fáìlì kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì àti àpótí kan ní ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn. Ohun tí yóò wà nínú méjèèjì ni ìwé òfin, àkọsílẹ̀ gbogbo ìpàdé, ìṣirò owó, àwọn ẹ̀rí tí ẹ ti lò àti ìbéèrè tí ẹ bi nípa wọn, ohùn àwọn àgbà pẹ̀lú ìwé àṣẹ wọn, àti ojú ewé kan tí olóyè kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ohun tí ó gbìyànjú tí kò bọ́ sí i. Kí olùtọ́jú àkọsílẹ̀ tí ń lọ jókòó ti èyí tí ń bọ̀ fún wákàtí méjì, kí wọ́n ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbọ́ ìṣẹ́jú kan nínú ohùn kọ̀ọ̀kan láti rí i pé kò bàjẹ́, kí èyí tí ń bọ̀ sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà kí wọ́n tó dìde níbẹ̀.